Ọwọ́ Tó Wà Lára Ògiri Àtijọ́

Bí ẹ bá rí bíríkìlà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò lè jókòó sí yàrá onílé kó má fojú wọn ògiri ibẹ̀, Gún-Régé nìyẹn. Ìnagijẹ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un ni, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Kó gún régé." Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó wá tọrọ òun, ògiri ilé ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó kí àna.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ló pè é wá sí ìlú àtijọ́ kan. Amọ̀nà ni ọmọ yìí níbẹ̀. Òun ló ń mú àwọn àlejò yí ká ààfin àti odi ìlú, tó ń pìtàn fún wọn. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ tán, ìdánwò ni wọ́n fi í sí. Ọjọ́ tí bàbá wá gan-an ni ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fẹ́ tẹ̀lé e kiri pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó lè mọ̀ bóyá wọn ó gbà á tàbí wọn ó ní kó máa lọ sílé.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà lórí ògiri lónìí o," ni ọmọ sọ lẹ́nu géètì.

"Kí ló kàn mí pẹ̀lú ògiri? Ọmọ mi ni mo wá wò."

Ọmọ náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kí n má purọ́. Àlejò bí ogún ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí adìyẹ ṣe ń tọ ẹni tó mú àgbàdo dání. Inú bàbá dùn débi pé wọ́n kọjá lára ògiri méjì tó wọ́, kò rí wọn.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ààfin, ọmọ náà dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ti fi gíláàsì bo ibì kan lára ògiri, wọ́n tan iná sí i. Àmì ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀, ọwọ́ òsì, ìka kẹrin rẹ̀ kò ju ìdajì lọ.

"Ọwọ́ ẹni tó mọ ògiri yìí nìyí," ni ó wí. "Ó ti tó irínwó ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọba fi ní kí wọ́n gé ìka rẹ̀, kó má baà mọ irú rẹ̀ fún ọba mìíràn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tẹ ògiri, ó sì jáde nílùú."

Obìnrin àlejò kan fa áńkáṣíìfù yọ, ó ń nu ojú.

Ní ti Gún-Régé, ó mọ ọwọ́ náà. Kò sí ọba tó gé ìka kankan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọ́ńkéré ló gé e, ọwọ́ Gún-Régé fúnra rẹ̀ sì ni. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn tí ìka náà ti gé, ó bá ọ̀gá rẹ̀ wá tún odi kan tó wó ṣe nínú igbó dídí. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ náà nìyí, pé wọ́n ti gé igbó rẹ̀, wọ́n sì ti gbin òdòdó sí i. Ọ̀gá náà ní àṣà kan: ẹni tó bá rẹ́ ògiri gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó gbẹ, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí òun ó bá wí bó bá wọ́. Ìrẹ́ kejì ló máa ń bo àmì náà. Níbí yìí, òjò dé, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ, ìrẹ́ kejì kò sì wáyé mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wo ọ̀gá obìnrin náà tó ń kọ̀wé, tó ń mi orí pé ó dára. Bí òun bá la ẹnu, ọmọ òun di onírọ́ nìyẹn, iṣẹ́ sì bọ́. Ó rọra ti ọwọ́ òsì bọ àpò ṣòkòtò.

"Mo máa ń ní kí àlejò kan fi ọwọ́ tirẹ̀ lé gíláàsì yìí," ni ọmọ wí. "Lónìí, bàbá mi ni. Bíríkìlà ni wọ́n."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

"Pe ẹlòmíràn, ìyá mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ìṣẹ́jú kan péré, Bàbá mi."

Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún.

"Tòsì ni, ẹ̀yin náà."

Ọmọ fúnra rẹ̀ fa ọwọ́ òsì bàbá yọ nínú àpò, ó gbé e lé gíláàsì, ó ṣì ń bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Ó wá tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. Àtàǹpàkò bọ́ sórí àtàǹpàkò, ìdajì ìka bọ́ sórí ìdajì ìka.

"Kí ló dé?" Ọ̀gá ti sún mọ́ wọn.

"Kò sí nǹkan kan," ni bàbá yára dáhùn. "Ó kàn jọra ni. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ni ìka wọn gé."

Ó ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọmọ láti sá gbà. Ọmọ wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo gíláàsì, ó yíjú sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ìtàn tí mo sọ kì í ṣe òótọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe sọ ọ́. Ẹni tó rẹ́ ògiri yìí ló dúró yìí, òun ló bí mi."

Ọ̀gá pa ìwé rẹ̀ dé. Òun fúnra rẹ̀ ló kó àwọn àlejò lọ síwájú. Ó wá ku bàbá àti ọmọ nídìí ògiri.

"Kí ló dé tí o wá sọ ọ́? Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

Ọmọ náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń fọwọ́ pa ìka tó gé náà.

"Ọwọ́ yìí lẹ fi ń dì mí mú sọdá títì nígbà tí mò ń lọ sílé ìwé. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń wò ó níbí lójoojúmọ́, tí mò ń pìtàn rẹ̀ fún àlejò. Bàbá mi, mi ò dá a mọ̀."