Òòyì Kọ́ Ló Pa Alágbàfọ̀ Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀gbọ́n mi kú sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ aṣọ fún. Orí ilẹ̀ ló kú sí, láàárín àwọn àga tí èèyàn ti sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, lójú ọ̀nà yàrá tí dókítà ti ń rí aláìsàn. Wárápá ló gbé e ṣánlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn ni. Kó tó padà dé, èrò ti pa agbo yí i ká, wọ́n sì jìnnà débi pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ ilé ìwòsàn ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí itọ́ ọkùnrin náà má baà kàn wọ́n. Ẹlòmíràn bu omi dà á lójú. Ó nà gbalaja, ó dojú sókè, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì fi máa dé, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yìí kan náà, níbi tí mo ti ń kọ̀wé, ni mo jókòó sí lákòókò yẹn. Mo ń bú àwọn tó ń ṣe ọ̀nà pé wọn kì í parí iṣẹ́ tí wọ́n bá dáwọ́ lé. Ẹ ò rí i pé mo mọ èèyàn bú.

Kògbọdọ̀rún ni àwọn dókítà ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá ìfọṣọ wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, níbi tí ooru omi gbígbóná ti ń mú kí ògiri máa làágùn tọ̀sán-tòru. Ibẹ̀ ló ti ń lọ ẹ̀wù funfun wọn. Kọ́là ló máa ń kọ́kọ́ mú, á wọ́n omi sí i, á tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn, á wá fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ. Bí dókítà bá gba ẹ̀wù tán tó fẹ́ jókòó, á ní, “Dókítà, ẹ dúró díẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláìsàn kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dúró lóòótọ́. Nílé ńkọ́? Èmi àbúrò rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì títí mo fi gbéyàwó, nítorí kò jẹ́ kí n kọ́ ọ. Ó ní aṣọ tí mo bá lọ, bí ẹni sùn nínú rẹ̀ ló máa ń rí.

Ìdí tábìlì ìlọṣọ yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lówúrọ̀ ọjọ́ kan. Ká má purọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gbà á sórí ibùsùn, wọ́n fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nígbà tí wọ́n ń dá a padà sílé, wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ó tán. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wá kó sọ pé ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe léṣe lè máa fa wárápá nígbà tó bá yá. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó yẹ ká ṣe bó bá dé. Ṣé ọ̀rọ̀ náà wúwo jù lẹ́nu wọn ni? Àbí nígbà tí aláìsàn bá ti jáde ní géètì, ó ti di ti Ọlọ́run?

Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa, nígbà tí wárápá kọ́kọ́ dé, ìdùnnú la fi pàdé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sétí ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ ń de bọ́tìnnì fún un. Bí ọwọ́ ọ̀tún tó ti rọ láti ọjọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ.

“Ẹ wò ó. Ó ti ń jí.”

A sáré wọlé. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, àkọ́bí ilé wa, da orin ọpẹ́ sílẹ̀, èmi sì ń pàtẹ́wọ́. Gbígbọ̀n náà gòkè dé ìgùnpá, ó dé èjìká, ẹnu rẹ̀ yí, ojú rẹ̀ lọ sókè. A ṣì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó ṣubú. Àkọ́bí wa fi ṣíbí há a léyín, nítorí ohun táwọn àgbà máa ń ṣe nìyẹn, eyín iwájú kan sì kán. Ìgbà tó jí, kò mọ ibi tó wà. Ó rí ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ rẹ̀, ó rí wa lórí ìdúró, ó sì ń bẹ̀ wá pé ká má bínú.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń bá wárápá gbé. Kò dá wọ balùwẹ̀ mọ́, ìyàwó rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bá a sọ̀rọ̀ kó lè mọ̀ pé ó ṣì wà. A gbé ibùsùn kúrò, a tẹ́ fóòmù sílẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá ti gbọ̀n péré, á tètè wá ibi dùbúlẹ̀ sí, ojú á sì máa tì í bí ẹni tó jalè. Iṣẹ́ ló ń wù ú ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà kó fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ó sì tọ̀nà. Ni ó bá ní kí wọ́n gbé e fún òun láìtan iná sí i. Ọwọ́ òsì ló fi ń lọ áńkáṣíìfù wa lórí itan rẹ̀, áyọ́ọ̀nù tútù, ọ̀sán gangan, á sì ká a sí mẹ́rin, á gbé e fún ọ. Èmi náà máa ń gbà á, mo máa ń kí i pé ó kú iṣẹ́.

Kí ló dé tí a ò gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá? A gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ìpàdé la kọ́kọ́ ṣe. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń múra àtilọ sílé ọkọ nígbà náà, àwọn àna sì ti ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Àkọ́bí wa béèrè ẹni tó máa fẹ́ ọmọ láti ilé tí wárápá wà. Ó ní a gbọ́dọ̀ rí orúkọ mìíràn pe nǹkan náà, torí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó mọ̀ wá, ẹnu wọn kì í sì í dúró. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun. Mo ní ká pè é ní òòyì. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọwé ni mo sọ.

Ọjọ́ tí a dé iwájú dókítà, ó béèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn. Kò tíì gbójú sókè tí mo fi dáhùn pé òòyì ló ń kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fa apá aṣọ mi. Ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ó ń wí pé, “Ọwọ́... ọwọ́ yìí...”

“Ó rẹ̀ wọ́n ni, dókítà,” ni mo wí.

Dókítà kọ òòyì sílẹ̀. Kò bi mí bí òòyì náà ṣe máa ń ṣe. Kò béèrè bóyá ó ń ṣubú, bóyá ara rẹ̀ ń gbọ̀n, bóyá ó ń gé ahọ́n jẹ. Ọkùnrin tó ti lọ ẹ̀wù tó wà lọ́rùn dókítà ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ọwọ́ kejì sókè níwájú rẹ̀, dókítà sì pe ẹni tó kàn. Oògùn wà tó ń rọ wárápá lójú, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ń lò ó déédéé, ó ṣeé ṣe kó má mú un rárá. Òòyì la gbé lọ bá a, oògùn òòyì la sì gbà bọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ ohun tí èmi àti dókítà ṣe nìyẹn, èmi mọ̀ọ́mọ̀, òun láìwojú aláìsàn. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mú un padà lọ gba oògùn òòyì sí i ló kú sí gbọ̀ngàn yẹn.

Ìgbà tí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn wá kí wa nínú ọkọ̀ méjì. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni, wọ́n ní àdánù ńlá ni. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fi ń lé èèyàn sẹ́yìn nítorí itọ́ tí kì í ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àkókò ọ̀fọ̀ kọ́ la fi ń sọ irú rẹ̀. Ìgbà wo ni àkókò rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá? Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣubú ni?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn yẹn ni wọ́n fi egungun há mi lọ́rùn. Ìyá ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àna tí à ń tìtorí rẹ̀ purọ́, wá bá wa jókòó lórí ẹní. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ta nínú yín ló bi wá, tí a sọ pé a ò fẹ́?” ni obìnrin náà béèrè.

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Òun ni kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi jáde, ó ní, “Bàbá kékeré, ṣé torí tèmi ni dádì mi ṣe kú?” Mo ní rárá. Ó ní kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, nítorí pé nígbà tí à ń parọ́, kọ̀rọ̀ la ti pa á. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Àkọ́bí wa ti ránṣẹ́ pé òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn. Wárápá tó tẹ̀ lé rọpárọsẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ohun tí à ń jogún, itọ́ rẹ̀ kì í sì í ràn. Bó bá mú ẹnikẹ́ni lójú yín, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má di í mọ́lẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kó lè mí, ẹ dúró tì í. Bí kò bá tètè dá, ẹ sáré wá dókítà. Gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ ò ju èyí lọ, a ò sì mọ̀ ọ́n.

Mo ń béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n jókòó ní gbangba, nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an. Kí ẹni tó lé èèyàn sẹ́yìn wá sọ ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tó dá a padà sílé wá sọ ìdí tí wọn ò fi kìlọ̀ fún wa. Kí dókítà tí kò gbójú sókè wá sọ ohun tó ń wò. Mo sì fẹ́ kí wọ́n pè mí. Kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí wọn kò bi mí lọ́jọ́ náà, kí ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú níbi tó ti lè rí ẹnu mi, kí n sì dáhùn ní òótọ́.