Alájà Ni, Kì í Ṣe Alájá

Alájà kú sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, nínú ilé olówó àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí gbogbo ìlú ń wọ́ tìrítìrí lọ wò báyìí. Ó kú nítorí pé ọ̀dà ilẹ̀kùn iwájú kò tíì gbẹ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n tún un sọ. Ọkùnrin kan já bọ́ láti òkè àjà. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn ti wà níwájú ilé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkan la ẹnu, ó ní kí wọ́n má gbé e gba iwájú, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilẹ̀kùn níbẹ̀. Wọ́n gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e kọjá yàrá ìjẹun, wọ́n gbé e dé ilé ìdáná. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pariwo orúkọ olùtọ́jú kọ́kọ́rọ́.

Ilẹ̀kùn iwájú dára púpọ̀ o. Ẹ lọ wò ó. Kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀.

Alájà kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwa ará àdúgbò la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé iṣẹ́ àjà ilé niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àjà pákó lásán. Ẹfun ló máa ń pò, á fi ṣe òdòdó, á fi ṣe ewé àti ìtàkùn yí àjà ká, á dùbúlẹ̀ gbalaja sórí pákó, ẹfun á máa kán sí i lójú. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti funfun, àwọn ọmọ àdúgbò á sá, wọ́n á ní iwin dé. Òun náà á sì gbá tẹ̀lé wọn bí iwin.

Bó bá wọ ilé mi, àjà ló ń kọ́kọ́ kí kó tó kí èmi. Á gbé ojú sókè, á mi orí. "Ẹ kú ilé o, Ìyá Aláròyé. Àjà yín ń sunkún níhìn-ín o. Ta ló bí i nínú?"

Ìyá Aláròyé lorúkọ tó fún mi, nítorí àwọn ọmọ mi. Ọmọkùnrin mi ti hu irùngbọ̀n, ọmọbìnrin mi ti di abiyamọ, síbẹ̀ bí òjò bá ṣú, mo ní láti pè wọ́n kí n bi wọ́n bóyá agbòòrùn wà lọ́wọ́ wọn. Alájà á ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí mí! Bí ẹ bá tún pe ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, màá gba fóònù yẹn lọ́wọ́ yín, màá fi ẹfun rẹ́ ẹ mọ́ àjà, kí ẹ máa wò ó lókè." Ọmọkùnrin mi ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe é títí ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi kú.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Alájà lẹ́rù láyé yìí. Ajá ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn. Ọkùnrin tó ń sùn sórí pákó lókè réré, tí kì í wo ilẹ̀, ọmọ ajá tí kò tíì lajú tán ló ń lé e gun àga ní ilé mi.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tó kú. Àwọn àlejò pàtàkì fẹ́ wá yẹ ilé náà wò kó tó ṣí fún gbogbo ayé, ẹrẹ̀ sì wà níwájú ilé. Kí bàtà àwọn èèyàn ńlá má baà kan ẹrẹ̀, ẹnìkan ní kí wọ́n mú pákó wá. Pákó wo? Èyí tó wà nítòsí ni. Wọ́n yọ ọ̀kan lára pákó tí Alájà ń dúró lé lókè, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó padà gùnkè, ó ń wo òdòdó rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ síbi tó ti ń gbé e sí láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn àlejò dé. Bàtà wọn ò kan ẹrẹ̀.

Ọmọ mi wà lára àwọn tó gbé e. Ó ní ọ̀gá òun ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e yí inú ilé ká. Mo bi í léèrè ohun tó ń sọ. "Màmá, ó ní ká rọra, ká má fi òun ba ọ̀dà ògiri jẹ́."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó ń kú lọ ló ń ro ti ọ̀dà. Àwọn tí wọ́n wà láàyè náà, ọ̀dà ni wọ́n ń rò. Ta wá ló ro ti Alájà? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọn ò tíì rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ àwọn alákòóso ilé náà pé kí wọ́n kọ nǹkan kan sí ara ògiri, kí àwọn ọmọ òun lè rí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sáré wọlé tọ̀ mí. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní pátákó ìrántí rẹ̀ ti wà ní gbọ̀ngàn ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí lọ. Mi ò lè dá wọ ibẹ̀." Ó ti wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó ti kun àtíkè. Ẹ ó rò pé ọkọ rẹ̀ ló ń dúró dè é níbẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ kóòtù ló mú àwa àti àwọn àlejò yòókù kiri. Ó fi ibùsùn baba olówó tó kọ́ ilé náà hàn wá. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ hàn wá nínú gíláàsì, ó fi òòyà rẹ̀ hàn wá. Ó fi abọ́ tó ń tutọ́ sí hàn wá, ó sọ ìlú tó ti rà á àti irú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá. Abọ́ itọ́! Gbogbo wa dúró, a mi orí, a kẹ́dùn pé itọ́ náà ti gbẹ.

A wá dé gbọ̀ngàn ńlá. Mo gbé ojú sókè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbé ojú sókè, òdòdó náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ta sánsán sí yín nímú. Ìyàwó Alájà tọ́ka sí igun kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìyẹn. Kò parí." Òótọ́ ni. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ kò pé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí Alájà já bọ́ lé.

Pátákó náà wà lára ògiri, lẹ́tà wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́: NI IRANTI ALAJA TI O FERAN ILE YII. Kò sí àmì ohùn lórí lẹ́tà kankan. Ajá amọ̀ ńlá kan sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó yọ ahọ́n pupa síta.

Amọ̀nà wa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá pàdé Alájá! Òun ló ń tọ́jú àwọn ajá baba olówó. Ó fẹ́ràn ilé yìí débi pé ẹnu ilẹ̀kùn ìdáná ló ń bá wọn sùn sí. Ibẹ̀ náà ló kú sí, kò gbà kó fi àwọn ajá rẹ̀ sílẹ̀."

Bàbá kan láàárín wa ní, "Àwọn ajá wá ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan fọwọ́ pa ajá amọ̀ náà lórí. "Pẹ̀lẹ́ o, ajá rere."

Ìyàwó Alájà ní, "Ọkọ mi ni."

"Ta ni, Màmá?"

"Ẹni tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn. Alájà ni, kì í ṣe Alájá. Ajá máa ń bà á lẹ́rù."

Amọ̀nà fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ dá a lóhùn. "Màmá, ẹ máa fara balẹ̀. Ẹni ayé àtijọ́ ni mo ń wí."

"Ayé àtijọ́ wo? Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà mi!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ náà. Wọ́n kàn rọra sún lọ sí yàrá tó kàn.

A gòkè lọ bá olùdarí. Ó fi wá jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ má dá a lẹ́bi nítorí ìwà. Mo béèrè pé báwo ni àjà ṣe di ajá.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹni tó ya pátákó náà ló ní àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ kò dára lójú. Ó ní wọ́n dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lára wúrà."

"Ajá yẹn náà ńkọ́?"

"Àwọn tó ń ṣètò gbọ̀ngàn ka pátákó, wọ́n rò pé ajá ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Ìgbìmọ̀ wa máa jókòó lé e lórí."

Kí ìgbìmọ̀ jókòó lé ajá lórí! Kí wọ́n rọra jókòó o, amọ̀ ni, kó má fọ́. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló níye lórí, àyàfi èèyàn.

Ìyàwó Alájà kò tilẹ̀ ya sí ọ̀rọ̀ ajá. Ohun tó béèrè kò gùn. "Ta ló ní kí wọ́n gbé e gba ẹ̀yìn?"

Olùdarí bu omi kún ife wa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Ó ní àti pé bí a bá wò ó dáadáa, ọkọ rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ṣubú, torí pé àkókò ìsinmi ni.

Kúrò! Mi ò kàwé kọjá girama, ṣùgbọ́n ẹ gé ọ̀rọ̀ yẹn sí méjì kẹ́ ẹ wò ó. "Kú" ló ṣáájú níbẹ̀. Wọ́n so ìrù kékeré kan mọ́ ikú, ó di ìsinmi.

Mo ní, "Ẹni tó yọ pákó ńkọ́? Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà ńkọ́? Ṣé àwọn náà ti kúrò?"

"Rárá o," ó dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ìbéèrè tó rọrùn dé. "Gbogbo òṣìṣẹ́ wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. A kì í lé èèyàn níbí." Ó wá kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ṣe kí wa kú oríire? Ọmọ yín ti gbà láti wá parí igun yẹn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa gòkè."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì dé etí mi rí. Mo gbé ife omi wọn sílẹ̀, mo dìde.

Mo bá ọmọ mi nílé, ó ń pọ́n irinṣẹ́. Mo ní òótọ́ ni? Ó ní òótọ́ ni.

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

"Ọ̀gá rẹ náà, iṣẹ́ ló lọ ṣe."

"Ta ló fẹ́ bá a parí òdòdó yẹn? Ṣé kí ẹlòmíì wá fi ọwọ́ játijàti bà á jẹ́?"

"Kó má parí! Kí ló máa ń ṣe òdòdó tí kò parí? Ṣé ó ń kú ni?"

Mo bi í léèrè ẹni tó máa bójú tó pákó. Ó tẹjú mọ́ irinṣẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó ń bójú tó o nígbà yẹn náà ni."

Ẹ̀yin ará ìlú, mi ò lè gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n. Mo ti gbìyànjú. Ìdí nìyí tí mo fi mú pẹ́ẹ̀nì, tí mo kọ èyí sí yín.

Wọ́n sọ pé Alájà fẹ́ràn ilé náà. Ta ló sọ fún wọn? Ilé tirẹ̀ ló fẹ́ràn. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ràn, àti oorun ọ̀sán, àti kó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ ló lọ ṣe nínú ilé yẹn. Ẹ má fi ìfẹ́ bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀. Bí ìfẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó yọ pákó fi tiwọn hàn: kí àwọn fúnra wọn gun òkè yẹn lọ, kí wọ́n rìn ín já láti igun dé igun, kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó tún gùn ún.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mi ò bẹ̀ yín. Ẹ kó àmì sórí orúkọ ọkùnrin náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kú, kẹ́ ẹ kọ ohun tó pa á. Ìyẹn kì í ṣe oore. Ṣùgbọ́n pátákó nìkan kò lè dá pákó padà. Ẹnìkan ló yọ ọ́, ẹnìkan ló ní kí wọ́n gbé e gba ẹ̀yìn. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní tábìlì nínú ilé yẹn, wọ́n kí ara wọn káàárọ̀ lónìí. Ẹ sọ orúkọ wọn, ẹ yọ wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́ náà, ẹ fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Bẹ́ ẹ bá sì ní ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é, èmi àti opó rẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé, àwa àti gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gun òkè jẹun. Abẹ́ igun yẹn la máa dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ pé kí ọmọ wa gòkè, kó wá pa àṣẹ náà lójú wa, kó sì kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀.