Ìsàlẹ̀ Ilé Bàbá Mọ̀núrù

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Sámúẹ́lì Àkàndé, káfíńtà ọmọ Iléṣà, fi gbé inú yàrá kan ṣoṣo ní Adéníji Adélé, òun, ìyàwó rẹ̀ Yéwándé, àti ọmọ mẹ́rin. Onílé wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọn sùn mọ́jú. Bí ọmọ bá sáré kọjá ní ọ̀ọ̀dẹ̀, á ní ilé òun kọ́ ni wọn yóò wó. Lọ́jọ́ kan ó bá Yéwándé wí lójú gbogbo ará ilé nítorí omi tó dà sílẹ̀, Sámúẹ́lì sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà ló pinnu pé bó ti wù kó rí, òun yóò ní ilé tòun l'Ékòó. Kì í ṣe ilé ńlá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ló ń rò, tí òun àti àwọn ọmọ yóò máa gbé òkè, tí ayálégbé yóò wà nísàlẹ̀, kí owó ilé tó ń wọlé lè máa ran òun lọ́wọ́ láti san gbèsè tí òun bá jẹ lórí rẹ̀.

Ibi tí ọkàn rẹ̀ wà nìyẹn lọ́dún 1953, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jíbrílù yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ta ilé tí bàbá òun fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà Jankara, nítorí òun ń lọ ṣòwò ní Kánò. Iye tó dá lé e kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ lọ. Sámúẹ́lì mọ ilé náà. Òun ló tún àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí Bàbá Mọ̀núrù tó kọ́ ọ ṣì wà láyé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, opó kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán fún un lójoojúmọ́. Àlímọ̀t lorúkọ rẹ̀, Ìyá Afusat ni àdúgbò ń pè é. Bàbá Mọ̀núrù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Sámúẹ́lì nígbà náà pé, "Àkọ́bí mi rèé. Bí mo bá kú, òun ni yóò máa bójú tó ilé yìí."

Sámúẹ́lì bi Jíbrílù léèrè ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ báyìí.

"Ayálégbé lásán ni," ni Jíbrílù dáhùn. "Ó ti lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bó bá dé, ẹ ní kó kó ẹrù rẹ̀."

Ó yẹ kí Sámúẹ́lì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹbí kò kan àlejò, pé bóyá wọ́n ti pín ogún láàárín ara wọn, pé bí òun ò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, lọ́yà bi Jíbrílù bóyá bàbá rẹ̀ bí ọmọ mìíràn. Jíbrílù ní òun nìkan ni. Lọ́yà náà, àgbàlagbà tí kì í kánjú, wá yí ojú sí Sámúẹ́lì.

"Ìwọ ńkọ́, Káfíńtà? Ṣé o mọ ẹnikẹ́ni tó tún ní ẹ̀tọ́ sí ilé yìí?"

"Mi ò mọ ẹnì kankan, sà."

Ó yáwó san án, ó tọwọ́ bọ ìwé, ó sì lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá.

Inú Yéwándé dùn débi pé ó fọ àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Táíwò ti wá wo ìsàlẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun yóò kó wọlé nígbà tí oṣù bá parí. Ẹrù ayálégbé tó wà ní Ẹ̀pẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Sámúẹ́lì wà níwájú ilé, ó ń kan fèrèsé ìsàlẹ̀, nígbà tí Ìyá Afusat dé láti Èbúté Èrò, níbi tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti ń gúnlẹ̀, ẹrù lórí, ẹní lábíyá. Bó ṣe rí i ló bú sẹ́rìn-ín.

"Káfíńtà mi! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Jíbrílù pé fèrèsé yẹn ti jẹrà. Ó wá rántí pè ọ́. Kú iṣẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, mà," ni Sámúẹ́lì wí. "Ẹ kú àbọ̀."

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá Afusat sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń ròyìn ọmọ tuntun tí Afusat bí, bó ṣe pupa, bó ṣe ń ké. Sámúẹ́lì tilẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n sọ ọmọ ọ̀hún. Yàkúbù, ó ní. Sámúẹ́lì ní orúkọ náà dára. Gbogbo àkókò yìí ni àyè wà láti sọ òtítọ́, kò sọ ọ́. Yéwándé ló sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tó kúnlẹ̀ kí obìnrin náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ̀yin ni ayálégbé ìsàlẹ̀, àbí? A ti ń retí yín. Ọkọ mi ló ra ilé yìí."

Ìyá Afusat wo Yéwándé, ó wo Sámúẹ́lì, ó wo òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà àdúgbò péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Jíbrílù ti wọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó sọ̀ sí. Àáfà Kàsímù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá Mọ̀núrù, béèrè bóyá ẹni tó ra ilé mọ̀ pé olóògbé ní ọmọbìnrin. Kí Sámúẹ́lì tó lanu, Yéwándé ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Ọkọ mi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo lè fi Bíbélì búra."

Àáfà yí sí Ìyá Afusat. "Ṣé ọkùnrin yìí mọ̀ yín tẹ́lẹ̀?"

Obìnrin náà wo Sámúẹ́lì. "Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án," ló wí. "Ó lè ti gbàgbé."

Sámúẹ́lì kò gbójú sókè. Ẹni tí òun jí ohun ìní rẹ̀ gan-an ló bá a wá àwíjàre yẹn, ó sì gbà á.

Àwọn àgbà ní kí Ìyá Afusat máa gbé ìsàlẹ̀ láìsanwó. Ó kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti pe òun ní ayálégbé, òun yóò san bí ayálégbé ti ń san. Láti ìgbà náà, bí oṣù bá ti parí, á gun òkè wá, á fi ọwọ́ méjèèjì na owó sí i. "Láńdílọ́ọ̀dù, ẹ gba owó ilé yín." Obìnrin tó ń pè é ní ọmọ mi tẹ́lẹ̀, "ẹ" ló ń pè é báyìí, bí ẹni tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ká ní ó ṣépè, ìbá sàn fún Sámúẹ́lì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí Ìyá Afusat tó kírun àárọ̀ tán. Bí oṣù bá fẹ́ parí, á wá iṣẹ́ lọ sí Èbúté Mẹ́ta, kó má baà sí nílé. Ó dá Táíwò akọ̀wé padà, kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá kí i kú oríire ilé, á ṣe bí ẹni pé ohun kan bọ́ sí òun lójú.

Ní oṣù karùn-ún tí Ìyá Afusat ti ń sanwó, Afusat wá kí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó gun òkè wá kí onílé, bó ti yẹ ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Ó wo Sámúẹ́lì dáadáa.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe àpótí ìjókòó kékeré fún mi, nígbà tí ẹ ń tún àtẹ̀gùn Bàbá Àgbà ṣe? Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́."

Yéwándé ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó jẹ́ kí Afusat sọ̀ kalẹ̀ ná.

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ mọ̀ wọ́n," ló wá wí.

Sámúẹ́lì jẹ́wọ́. Ó sọ ti oúnjẹ ọ̀sán, ti ọ̀rọ̀ Bàbá Mọ̀núrù, ti ìbéèrè lọ́yà. Yéwándé gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Mo ní mo lè búra fún yín lójú àwọn àgbà," ló wí. Ó gbé ìrẹsì rẹ̀, ó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Sámúẹ́lì lọ bá Àáfà Kàsímù pé kó bá òun pe àwọn tó péjọ níjọ́sí. Nígbà tí wọ́n pé, ó dìde láàárín wọn.

"Mo mọ̀ wọ́n. Mi ò gbàgbé. Bàbá Mọ̀núrù fi wọ́n hàn mí, mo sì purọ́ lọ́dọ̀ lọ́yà nítorí pé ilé náà wù mí."

Ọkùnrin kan pòṣé. Yéwándé náà wà níbẹ̀, ìta ló ń wò. Àáfà béèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Sámúẹ́lì ní òun yóò kọ ìsàlẹ̀ ilé sí orúkọ Ìyá Afusat àti àwọn ọmọ rẹ̀, òun yóò sì dá gbogbo owó ilé tí òun ti gbà padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Lọ́yà tó kọ ti àkọ́kọ́ ló kọ ti ìkejì. Kò fi àga lọ Sámúẹ́lì.

Ìyá Afusat gba ìwé náà, ó ká a.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé," ló wí. "Mo ń wò ó bóyá ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín."

Kò sọ pé òun dárí jì í, Sámúẹ́lì náà kò sì tọrọ rẹ̀. Kò pè é ní láńdílọ́ọ̀dù mọ́, kò sì pè é ní Káfíńtà mi mọ́ láé. "Ẹ káàárọ̀," "Ẹ kú alẹ́," ló mọ láàárín wọn. Ọdún mẹ́fà ni Sámúẹ́lì fi san gbèsè ilé náà láìsí ayálégbé kankan tó ràn án lọ́wọ́. Yéwándé padà ń bá a sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀rọ̀ sọ fún un mọ́ láàárín èrò.

Àwọn tó gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà máa ń yìn ín pé ó fi ìsàlẹ̀ ilé ta opó lọ́rẹ. Olúfúnkẹ́, àkọ́bí rẹ̀, gbọ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì fi ìdùnnú wá béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Sámúẹ́lì ní kó jókòó. Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, láti ọjọ́ tí Jíbrílù yà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì yọ ibì kankan kúrò. Ọmọ náà tẹ́tí gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó dìde, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀ kí Ìyá Afusat.