Kúlà Ọmọ Mi àti Àjẹkù Bàbá

Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà, awakọ̀ tí kò rí ibi wakọ̀ lọ ni mí. Bọ́ọ̀sì mi, tó máa ń gbé èrò láti Ìlaró lọ sí Ìdìrókò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, adìẹ ìyá mi sì ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ibi tó ń yé sí. Àwọn oníṣòwò tí mo máa ń gbé kò lọ mọ́, epo gan-an di ohun tí à ń wá kiri. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, mo bínú. Mo bú ìjọba, mo bú aṣọ́bodè, mo bú adìẹ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i pé èébú kì í kún táǹkì, mo bá jókòó sílé jẹ́ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọmọ mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni, èmi ni mo sì bí i, ṣùgbọ́n kí bọ́dà tó tì, ojú oorun ni mo máa ń fi í sí láàárọ̀, ojú oorun náà ni mo máa ń bá a lálẹ́. Ìyàwó mi ń ta aṣọ òkìríkà lọ́jà, ìyá mi ló ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án. Wàyí o, èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń wá bàtà rẹ̀ kiri, èmi náà ni mò ń dá a lóhùn nígbà tó bá bi mí pé kí ló dé tí ewúrẹ́ kì í wọ ṣòkòtò. Tó bá di ọ̀sán, a máa jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti òun, abọ́ kan ṣoṣo láàárín wa.

Bí bàbá mi ṣe bá mi jẹun ni mo ṣe ń bá òun náà jẹun. Mo máa fọwọ́, òun náà á fọwọ́. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ bu òkèlè. Òun á wá bu tirẹ̀, kékeré, lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ẹja. Tí mo bá jẹ ẹ́ dé ibi tó yẹ, mo máa yọ ọwọ́ kúrò, mo máa ní, "Ó yá, àjẹkù rẹ rèé." Òkèlè bíi mẹ́rin á ṣẹ́ kù níbẹ̀ pẹ̀lú ẹja tó nípọn jù. Ojú ọmọ á tàn yanran. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ wa pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Èmi ò sì fẹ́ ru igbá kankan. Mò ń gbádùn ara mi. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn pé bọ́dà tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì kí wọ́n má bàa lù mí pa.

Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wọlé, àǹtí tó ni kíláàsì náà ránṣẹ́ pe gbogbo òbí. Ìyàwó mi ní ọjọ́ ọjà ni. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ bá wa lọ." Mo lọ. Gbogbo àwọn yòókù, obìnrin ni wọ́n. Èmi nìkan ni irùngbọ̀n wà lágbọ̀n rẹ̀.

Ọmọ Ayétòrò ni àǹtí náà. Kò ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ju ti agbèrò lọ. Ó ní kí gbogbo wa jókòó sórí àga àwọn ọmọ. Àga mi ké. Ó ní ohun tí àwọn ọmọ wa máa ṣe lójúmọ́, àwa ni a máa kọ́kọ́ ṣe é lónìí kí a lè mọ bó ṣe ń rí. A tò lẹ́yìn ara wa. A fi báàgì kọ́ ìṣó. A kọrin kí àárọ̀, a patẹ́wọ́ sí i. Ó kọ́ wa bí ọmọ ṣe ń na ọwọ́ sókè pé, "Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀." Màmá àgbà kan tó wá nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Àǹtí ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín sílẹ̀." Màmá ní òun ò ṣeré o, òun fẹ́ tọ̀ ni. A rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ àga mi kan fi dá.

Kí a tó túká, ó ka iṣẹ́ ilé wa fún wa. Kí ọmọ mọ bàtà í wọ̀ fúnra rẹ̀. Kó mọ ọwọ́ í fọ̀, kó mọ kúlà oúnjẹ rẹ̀ í ṣí, kó sì jẹun rẹ̀ láìsí ẹni tó ń bá a jẹ tàbí tó ń fún un jẹ. Kó lè sùn lórí ẹní láìjẹ́ pé wọ́n pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ọmọ méjìlélógún ló máa wà lọ́wọ́ mi. Ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe fún wọn nílé tẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò ní lè ṣe fún gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sílẹ̀ láti òní lọ."

Mo gbé iṣẹ́ náà lérí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ìjọba. Mo lé adìẹ jáde, mo gbá bọ́ọ̀sì, mo sọ ọ́ di kíláàsì. Mo kan ìṣó mọ́ ara igi máńgòrò fún báàgì. Èmi ni àǹtí, ọmọ mi àti ọmọláńgidi rẹ̀ kan tí kò lójú ni akẹ́kọ̀ọ́. Láràárọ̀ la máa ń kọrin. Àwọn aládùúgbò á yọjú lórí fẹ́ǹsì pé, "Awakọ̀ ti di tíṣà o!" Mo máa ní kí àwọn náà wá jókòó tí wọ́n bá ti sanwó ọkọ̀. Ọmọ mi fi ọjọ́ mẹ́ta wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ní ọjọ́ kẹrin ó wọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì rìn yí bọ́ọ̀sì po kí gbogbo ayé lè rí i. Ọjọ́ kan péré ló fi mọ kúlà í ṣí.

Jíjẹun ńkọ́? Mi ò fi kọ́ ọ. Mo ní ọmọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bu òkèlè, kí ló tún kù tí a fẹ́ kọ́ ọ? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó mi bá wa lórí ẹní, èmi àti ọmọ, abọ́ kan láàárín wa. Ó ní, "Ṣé báyìí ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní síkúùlù?" Mo ní kó bá mi bu omi wá. Mo mọ ohun tó ń sọ. Nǹkan tó dùn mọ́ mi ni mi ò fẹ́ kó tán.

Ọjọ́ Ajé pé, ọmọ wọlé. Kò sunkún. Ó fi báàgì rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mo dúró lẹ́nu géètì títí ẹ̀ṣọ́ fi bi mí pé ta ni mò ń wá.

Nígbà tí mo lọ mú un lọ́sàn-án, kúlà rẹ̀ wúwo. Ẹ̀bà wà níbẹ̀ bí a ṣe bù ú sí i, ẹja wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó mi se ẹ̀wà, ẹ̀wà padà wálé. Ní Ọjọ́rú, ó wá ìrẹsì, ìrẹsì ọdún bọ́dà tí wọ́n ń wọ̀n bíi wúrà, ìyẹn náà padà wálé. Ìyá mi ní ojú ayé ti wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìyàwó mi ní bóyá ata pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà, tó bá ti délé, orí abọ́ mi ló ń kọjú sí, tó sì ń jẹ bí ẹni tó ti oko ẹ̀gẹ́ dé. Èmi sì ń gbádùn rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá jẹun. Ẹ rí i pé orí mi ò pé.

Ní Ọjọ́rú náà, àǹtí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Dádì, ọmọ yín dára, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í jẹun. Láti àárọ̀ títí di aago méjì! Tó bá dákú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí kò tíì jẹun, ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín nílé títí di ọdún tó ń bọ̀."

Kí n má tàn yín, inú mi kọ́kọ́ dùn gan-an. Ọdún kan sí i! Bọ́ọ̀sì, ẹní, abọ́ kan! Mò ń bọ̀ lọ́nà, mò ń súfèé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe délé, ọmọ lọ fi báàgì rẹ̀ kọ́ ìṣó ara igi máńgòrò, ó to ọmọláńgidi sórí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní orin tí èmi ò mọ̀. Ó sọ fún un pé lọ́la, òun ni òun máa di irin tí wọ́n fi ń lu aago mú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, bọ́tìnnì ṣì kọ́ sí ibi tí kò yẹ. Ojú tì mí. Ọmọ yìí fẹ́ràn síkúùlù bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, èmi wá ń súfèé pé wọ́n fẹ́ lé e wálé.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, mo padà lọ síbẹ̀ ní àkókò oúnjẹ, mo fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n fọwọ́. Ọmọ mi ṣí kúlà rẹ̀ kíákíá, ó tilẹ̀ bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí tirẹ̀. Àwọn yòókù ń jẹun. Òun ká ọwọ́ lé itan, ó ń wo àǹtí. Àǹtí ní, "Jẹun, ọmọ dáadáa." Ọmọ bá rọra ti kúlà náà síwájú, sọ́dọ̀ àǹtí, ó tún ká ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ń dúró. Ó ń gbé itọ́ mì. Mo rí ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Àǹtí rí mi ní fèrèsé. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Bó ṣe máa ń lé oúnjẹ síwájú nìyẹn. Ó ní òun ò jẹ!"

Mo ní, "Àǹtí, kò sọ pé òun ò jẹ. Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Ẹ̀yin ni àgbà. Ó fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ tiyín, kẹ́ ẹ wá jẹ kù fún òun."

Àǹtí wò mí, ó wo ọmọ, ó bú sẹ́rìn-ín tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin! Ẹ̀kọ́ ilé ló ń fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ!" Mo ní bóyá kó máa bu òkèlè kan péré kó tó yọ ọwọ́. Ó ní, "Tí mo bá ṣe é fún tiyín, ṣé mi ò ní ṣe é fún méjìlélógún? Ẹ fẹ́ kí ikùn mi bẹ́ ni? Ẹ̀yin lẹ dì í, Dádì, ẹ̀yin lẹ máa tú u."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé abọ́ méjì sórí ẹní. Ọmọ dúró, kò jókòó. Ó wo abọ́ kìn-ín-ní, ó wo ìkejì. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

Ó dùn mí wọ egungun. Nílé wa, tí ìyàwó mi àti ìyá mi bá jà, abọ́ tó yàtọ̀ ni a fi ń mọ̀. Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ní mi ò bínú, mo ní síkúùlù ló ní kí oníkálukú ní tirẹ̀, òun sì ni àgbà abọ́ yìí.

Ó rò ó. "Ta ni mo máa wá jẹ kù fún?"

"Má jẹ kù fún ẹnì kankan. Jẹ ẹ́ tán."

"Ẹja ńkọ́?"

"Àti ẹja. Tó bá wù ọ́, òun gan-an ni kó o kọ́kọ́ mú."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ jalè. Ó fi ìka kan kan ẹja, ó yára fà á padà, ó wo ojú mi. Mo bojú sí ibòmíràn bí ẹni pé adìẹ ló gbà mí lọ́kàn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹja ti kúrò nínú abọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú, ó sì ranjú. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ọmọ mi, kó o sì ru kúlà rẹ délé." Ìyá mi tó gbọ́ ọ láti yàrá ní ṣé orí mi ti dàrú ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo dé géètì kí aago tó lù. Àǹtí jáde pẹ̀lú ọmọ mi lọ́wọ́ kan, kúlà lọ́wọ́ kejì. Ó ṣí kúlà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohunkóhun ò já bọ́. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ patẹ́wọ́, èmi sì jó, mo jó láìsí ìlù níwájú ẹ̀ṣọ́ àti gbogbo wọn, mo gbé ọmọ mi sọ sókè, mo gbà á mú. Ó ní, "Bàbá mi, mo jẹ ẹja níṣàájú!" Ó sọ ọ́ tó fi délé, fún gbogbo ẹni tí a bá pàdé.

Ìyàwó mi ti ọjà dé kíá lọ́jọ́ náà, ó ro láfún. Mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú abọ́ mi, mo pe ọmọ. Ó wá, ṣùgbọ́n kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí wọ́n bu tirẹ̀ sínú kúlà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó jókòó kọjú sí mi, ó fọwọ́, ó ń jẹun. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ dé ibi tí mo máa ń dé, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ yọ kúrò nínú abọ́, mo ní, "Ó yá, àjẹkù—"

Ó wo inú abọ́ mi, ó mi orí. Ohùn àǹtí gan-an ló fi sọ ọ́: "Bàbá mi, ẹ jẹ tiyín tán."

Mo bu òkèlè, mo mú ẹja náà. Mò ń jẹ ẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó bi mí bóyá ata ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ata ni.