Ọwọ́ Òsì Velayudhan

Ìka mẹ́ta. Thankamani rọra tò wọ́n sí ọrùn ọwọ́ Velayudhan, ó ń tẹ iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe é, bí ẹni ń wò ó bóyá máńgòrò ti pọ́n. Ọwọ́ òsì ló mú.

"Ẹ̀gbọ́n," Velayudhan ní, "ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń yẹ ọkùnrin wò. Òsì, ti obìnrin ni."

"Mo mọ̀. Bàbá mi ló kọ́ àwa méjèèjì."

Nígbà tí bàbá kú, Velayudhan, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, gba ilé ìwòsàn. Ó ní ìka obìnrin kì í gbọ́ èdè iṣan, kí Thankamani lọ máa ro òróró oògùn nídìí ààrò. Ó ro òróró. Ó ro ẹ̀san. Báyìí, inú ń run Velayudhan, egbòogi tirẹ̀ kò ràn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n lajú wò ó. Tí ìka mi bá dití, dìde, máa lọ. Tí o bá fẹ́ oògùn, jẹ́ kí ọwọ́ òsì yìí, ọwọ́ obìnrin, wà lọ́wọ́ mi."

Àwọn aláìsàn tó ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn bú sẹ́rìn-ín sí Velayudhan. "Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́ o!"

Velayudhan sorí kọ́. Kò fa ọwọ́ náà padà.

Thankamani fún un ní oògùn, inú náà sì san. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí aláìsàn kan ní agbègbè Palakkad tó na ọwọ́ sí Velayudhan fún àyẹ̀wò mọ́; Thankamani ni wọ́n ń nà án sí.