Ọjọ́ Tí Bàbá Onílé Mi Pè Mí Ní Dókítà

Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nílé ìwòsàn kékeré kan ní Ọ̀jọ́ nígbà tí wọ́n gbé bàbá onílé mi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lásìkò yẹn, ẹ̀rù iṣẹ́ náà kì í kúrò lára mi. Bí aláìsàn bá ti wọlé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ làágùn. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà tún yàtọ̀, nítorí pé Bàbá Làmídì kì í ṣe aláìsàn lásán lójú mi.

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni wọ́n. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ayé ń wá ilẹ̀ ra, wọ́n ta díẹ̀ nínú oko wọn, wọ́n fi kọ́ ilé sí Igbó-Elérin. Ibẹ̀ ni mo gba yàrá kan sí. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

"Dókítà tó rù báyìí? Ta ló máa wo òun náà sàn?"

Láti ọjọ́ náà, "ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí. Bàbá tèmi ti kú kí n tó wọ yunifásítì, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní báyìí, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n di ikùn mú, èébì ti ba agbádá wọn jẹ́.

"Bàbá, níbo ló ń dùn yín?"

"Inú ni, ọmọ mi. Ẹ̀wà àná ni. Fún mi lóògùn, kí n máa lọ."

Ikùn wọn le gbagidi. Wọ́n ti kọ́ wa pé bí inú àgbà ọkùnrin bá le báyẹn, ká wo abẹ́ rẹ̀, bóyá ó ní ìpá. Ìfun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò kórópọ̀n. Bó bá há síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ibẹ̀ mọ́, ìfun náà á kú, ẹni tó ni ín á sì tẹ̀lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo fẹ́ wo abẹ́ yín."

Wọ́n di okùn ṣòkòtò wọn mú. "Ìwọ ọmọ mi? Làmídì tí mo bí kò rí i rí!"

Ìyàwó wọn bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kó panu mọ́. Ọ̀gá mi kò sí nítòsí.

Mo jáde, mo fara ti ògiri. Ó wá yé mi pé ọmọ tí mo jẹ́ fún wọn ló fẹ́ pa wọ́n. Mo de bọ́tìnnì ẹ̀wù funfun mi dé ọrùn, mo padà wọlé, mo dúró gbọnyin.

"Ọ̀gbẹ́ni Sálíù, èmi ni dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ̀ yín níbòmíì. Ẹ tú okùn yẹn."

"Háà!" Ìyá Làmídì ké. "Ó ń pe orúkọ wọn!"

Bàbá tẹjú mọ́ mi. Ó wù mí kí wọ́n gbá mi létí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n tú okùn náà.

"Ẹ wò ó, dókítà. Ẹ tètè ṣe é."

Ìpá náà wà níbẹ̀, ó le bí òkúta. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Wọ́n yè.

Nígbà tí wọ́n délé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn níwájú ilé. Bàbá gbìyànjú láti dìde lórí àga, wọ́n di ojú ọgbẹ́ wọn mú.

"Dókítà, ẹ dìde. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́. Ẹ ṣeun gan-an."

Kò sí ìbínú kankan lóhùn wọn. Ìbá sàn fún mi ká ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì gbé ojú sí títì títí mo fi dìde lọ. Mo ṣì ń gbé inú ilé náà. Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n wà níwájú ilé, mo máa ń gba ẹ̀yìn wọlé, kí wọ́n má baà tún dìde fún mi.