Àṣìṣe Inú Ìwé Múnírá àti Kìnnìún Tó Di Ewúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Lónìí, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi, ní Sábó ní Zaria, nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi nínú rẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ rí i.

Akọ̀ròyìn ni mí. Nígbà náà, kò sí ọjọ́ tí n kì í gun alùpùpù mi lọ gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn: àgbẹ̀ ní Shika, olùkọ́ yunifásítì ní Samaru, awakọ̀ ní gáréèjì. Mo fẹ́ràn kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni í. Ẹ rántí èyí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Múnírá, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, já bọ́ láti orí igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé wa. Egungun itan rẹ̀ kán. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi báńdéèjì funfun tó gan bíi símẹ́ńtì dì í láti ìbàdí dé ọmọ ẹsẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Táàmù méjì gbáko ló fi wà nílé.

Mo lọ rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn, ìyáàfin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà bá padà, òun á fún un ní nǹkan kọ lójú òun. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ bá ṣì dúró, tó sì lè da ọ̀rọ̀ kọ bó ṣe yẹ, á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Puráímárì Kẹta. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Puráímárì Kejì ló máa padà sí.

Ta ló sì wà ní Puráímárì Kejì? Sáfù, àbúrò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Sáfù nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, á lọ dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbàyè sílẹ̀ fún yín lórí bẹ́ńṣì mi o. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa jókòó síbi fèrèsé."

"Malama, bar ni," ni Múnírá á fi Hausa dá a lóhùn, pé kó fi òun sílẹ̀. Hausa ló máa ń sọ tí inú bá ń bí i.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di tíṣà nínú ilé ara mi.

Ètò mi rọrùn. Láàárọ̀, kí n tó jáde, màá kọ ìlà kan sókè ojú ìwé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa àgbẹ̀ kan tàbí nípa òjò tó rọ̀. Múnírá á da ìlà yẹn kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá títí dé ìsàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá dé, màá mú bíró pupa. Níbi iṣẹ́ wa, olóòtú mi kì í dá ìlà kan sí nínú ìròyìn tí mo bá kọ. Bó ṣe ń ṣe tèmi ni mo ṣe ń ṣe ti ọmọ mi. Lẹ́tà tó bá tẹ̀, mo yí i po. Ọ̀rọ̀ tó bá fò, mo fa ọfà sí i. Bí mo bá fi máa parí, ojú ìwé náà á dà bí ara ẹni tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú.

Ohun kan wá ń bí mi nínú. Ìlà kìíní máa ń dára. Ìkejì, kò burú. Tó bá fi máa di ìlà kẹfà, ìrù lẹ́tà g tó yẹ kó ká á ti nà gbọnrangandan bí ọ̀pá. Tó bá di ìkẹwàá, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì á ti sọnù. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọ̀lẹ ni. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n kọ lókè, kí ló dé tí kò mọ̀ ọ́n kọ nísàlẹ̀? Mo pàṣẹ pé ojú ìwé tó bá bàjẹ́, kó tún un kọ lódindi.

Télọ̀ ni Ìyá Múnírá, inú yàrá kan náà ló ti ń ránṣọ. Ó ní, "Bàbá Múnírá, bí mo bá ran apá bùbá kan òdì, apá yẹn nìkan ni mo ń tú. N kì í tú gbogbo aṣọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́ ọmọ mi.

"Ó dáa, tíṣà," ló wí, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Títún un kọ ò tún nǹkan kan ṣe. Ńṣe ló ń burú sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìrọ̀rí, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ ti ya, ó ti rún. Àwọn tí Múnírá kọ nìyẹn, tó ṣì, tó sì fà ya kí n tó dé. Ó kó wọn sórí tábìlì, ó gbé túwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo bi ọmọ náà pé kí ló fi wọ́n pamọ́ fún. Ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó ti Sáfù. Mi ò fẹ́ kọ̀wé mọ́."

Ẹ̀yin òbí, ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu ọmọ yín rí? Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Kì í ṣe kíláàsì nìkan ni ọmọ mi fẹ́ pàdánù, ó ti fẹ́ kọ ìwé kíkọ sílẹ̀ pátápátá, èmi ni mo sì lé e débẹ̀. N kò lè jẹ túwó náà tán.

Ẹni tó gbà wá ni aládùúgbò wa kan, ará Ìlọrin, tí gbogbo Sábó ń pè ní Átíìsì. Òun ló ń kọ orúkọ sára lọ́rí ní gáréèjì, tó sì ń ya àwòrán sí i. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ó wá kí aláìsàn ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun, ọ̀dà ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ṣí ìwé Múnírá, ó rí iṣẹ́ bíró mi.

"Oníròyìn, ẹran wo lo pa sórí ìwé ọmọ yìí?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì bà á jẹ́ bó bá ṣe ń lọ. Átíìsì fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe sọ ọ̀rọ̀ tó sọ fún Múnírá ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà:

"Alhaji kan ní lọ́rí márùn-ún, ó ní kí n ya kìnnìún sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fún mi ní kàlẹ́ńdà kan tí kìnnìún wà nínú ẹ̀, pé bó ṣe rí yẹn ni kó rí. Mo ya àkọ́kọ́, ó dára, ó kù díẹ̀ kó bú ramúramù. Ṣé mo wá tún máa rìn padà lọ wo kàlẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù? Mo wo ti lọ́rí kìíní, mo fi ya ìkejì. Mo wo ìkejì, mo fi ya ìkẹta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ. Ọjọ́ tí Alhaji to lọ́rí márààrún sójú kan, àwọn awakọ̀ pé jọ sẹ́yìn ìkarùn-ún. Ọ̀kan ní, 'Mai fenti, wannan akuya ce.' Ó ní ewúrẹ́ nìyí. Mo wò ó dáadáa. Irùngbọ̀n wà lágbọ̀n ẹ̀ lóòótọ́."

Múnírá rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń mì. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Sáfù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́ káàkiri yàrá títí ìyá rẹ̀ fi lé e síta.

"Bàbá Átíìsì, ṣé Alhaji bínú?"

"Ó bínú. Mo fi ọ̀dà pa mẹ́rin rẹ́, mo tún wọn yà. Ṣùgbọ́n mo gbé kàlẹ́ńdà kọ́ síwájú mi lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò wo èyí tí mo yà fúnra mi mọ́."

Múnírá yíjú sí mi.

"Bàbá mi, ewúrẹ́ ni èmi náà ń yà."

Mo bi í pé báwo ló ṣe máa ń ṣe é tó bá ń kọ̀wé. Láti oṣù mélòó kan tí mo ti ń kọ́ ọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bi í.

"Ìlà tiyín ti jìnnà sókè. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán ló wà nítòsí mi. Òun ni mò ń wò."

Mo gba ìwé náà, mo kà á bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì pọ̀. Ní ìlà kẹrin, ó fo ọ̀rọ̀ kan. Ní ìlà karùn-ún, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí. Ní ìkẹfà, kò sí. Títí dé ìkẹwàá, kò padà wá. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn, bákan náà ni. Ọmọ náà kò ṣọ̀lẹ rárá. Mo ní kó dà á kọ, ó sì ń dà á kọ pẹ̀lú òtítọ́ inú, àṣìṣe ara rẹ̀ ló kàn ń dà kọ. Bíró pupa mi sì ti fa ọfà sí àṣìṣe kan ṣoṣo nígbà méje, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ méje ló dá.

Gbogbo ọdún tí mo ti fi ṣiṣẹ́ ìròyìn, n kò gbé ìròyìn jáde rí láìgbọ́ tẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ti ọmọ mi nìkan ni mo ti dájọ́ rẹ̀ láìbi í.

Átíìsì ní ká máa fi páálí bo ìlà tó bá ti kọ tán. A gé páálí bàtà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó sì gbé ìwé lé orúnkún kan, páálí á ṣáà máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ á sì máa dìde nídìí ẹ̀rọ wá bá a mú un. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi rí i pé Múnírá ti ju páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń kọ̀wé láti ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Múnírá, ṣé o ò dorí ìwé kodò báyìí?"

"Rárá, Màmá. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kò sí tèmi lókè tí màá máa wò. Ti Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀."

Ẹ wò ó. Bó bá ṣe ń gòkè sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń sún mọ́ ìlà tó yẹ kó wò. Èmi tíṣà, n kì bá ronú débẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé tí mo fi ń gbọ́ tẹnu èèyàn jáde, mo fi hàn án. Ó ń ṣí i, ó ń rí ibi tí mo ti fagi lé ọ̀rọ̀, ibi tí mo ti kọ òmíràn sórí rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin náà máa ń ṣì í kọ?"

"Lójoojúmọ́. Mo máa ń fa ìlà kan gba àárín rẹ̀, mo máa ń kọ èyí tó tọ́ sókè, mo sì máa ń tẹ̀ síwájú. Bí mo bá ní kí n máa fà á ya, n kò ní í ní ìròyìn kankan láti fi ránṣẹ́."

Ó ronú sí i. Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Ẹ mú bíró pupa yẹn wá, kí n bá yín tọ́jú ẹ̀."

Mo fún un. Inú ìrọ̀rí ló fi sí, níbi tí ìwé yíya wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, wọ́n ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ ìlà kan sókè ìwé, ó ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì jókòó tì í. Èmi dúró sẹ́yìn wọn. Múnírá mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìyáàfin náà wo ìwé, ó wò mí, bí ẹni tó ń bèèrè bóyá orí ni ọmọ yìí fi ṣubú. Ẹnu ń yún mi láti ṣàlàyé. Mo pa á mọ́.

Ní ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, ó fo ọ̀rọ̀ kan. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rí i tí ìka rẹ̀ méjì di etí ìwé mú. Mo mọ ìka wọ̀nyẹn, àwọn ló ya ojú ìwé mọ́kànlá. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè síbi tí ìyáàfin kọ̀wé sí, ó kọ ọ̀rọ̀ tó fò náà sókè, ó sì gun orí ìlà tó kàn.

Nígbà tó parí, ìyáàfin fi Hausa bi í léèrè ìdí tó fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Múnírá fi Hausa sọ ọ̀rọ̀ kìnnìún márùn-ún fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé orí irùngbọ̀n, ìyáàfin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nu omi ojú. Ó ní ìrù g ọmọ náà ṣì nà jù, pé kó máa ṣe é nílé. Ó wá pe olùkọ́ Puráímárì Kẹta pé kó wá mú ọmọ rẹ̀.

Sáfù nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní òun ti gbẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun sára bẹ́ńṣì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí ọmọ yín bá ń ṣe àṣìṣe kan náà léraléra, kí ẹ tó bínú, ẹ bi í pé kí ló ń wò. Ó lè jẹ́ pé àpẹẹrẹ yín ló jìnnà jù. Ẹ sì jẹ́ kó rí àṣìṣe tiyín, kó lè mọ̀ pé èèyàn lè ṣì í kọ kí ó sì máa kọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ́ ọmọ nílé, báwo ni tiyín ṣe rí? Ẹ kọ ọ́ sí mi, kí ọ̀rọ̀ náà kún fún ìfàgilé bó bá ṣe fẹ́. Kí ọkàn yín balẹ̀. Múnírá ò tíì dá bíró pupa mi padà.